Kíkọ́ Ọmọ Tí Ó Ní Dyslexia ní Ìwé Kíkà: Kí Ni Iṣẹ́ Ojú, Etí, Ẹnu àti Ọwọ́?

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní àwọn ìlú ńlá wa ti ń sọ fún òbí pé àwọn ní ọ̀nà àkànṣe tí àwọn fi ń kọ́ ọmọ tí ó ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní multisensory, ìyẹn lílo ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ pa pọ̀. Òbí á dé kíláàsì náà, á rí àwo yanrìn, amọ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi àti káàdì lórí tábìlì, á sì san owó tí wọ́n bá dá lé e láìmọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ òun tàbí eré ni wọ́n ń bá a ṣe. Àwọn mìíràn gbà pé ìtọ́jú ìṣègùn ni, pé bí ọmọ bá gbà á fún oṣù díẹ̀, àìsàn náà yóò lọ. Àwọn kan sì wà tí wọn kò tíì gbà pé ohun kan ń jẹ́ dyslexia rárá. Olódo ni wọ́n ń pe ọmọ náà, wọ́n sì ń nà án sí i. Mo kọ àlàyé yìí nítorí pé àwọn ọmọ wọ̀nyí lè kàwé, ìyà tí wọ́n sì ń jẹ lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn ti pọ̀ jù.

## Kí ni dyslexia gan-an?

Dyslexia jẹ́ ìṣòro tí ó ń mú kí kíka ọ̀rọ̀ àti kíkọ sípẹ́lì rẹ̀ nira fún ènìyàn tí làákàyè rẹ̀ pé, tí ojú rẹ̀ ríran, tí etí rẹ̀ sì ń gbọ́ràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó ti wá, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé, tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá tí ó ń bínú sí ọmọ lè rántí, bí ó bá fara balẹ̀ rò ó, pé òun náà jìyà ìwé kíkà nígbà tí òun wà ní kékeré. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, iye tí àwọn aláṣẹ ìlera fojú bù ni pé àwọn tí ó ní i dé ìwọ̀n kan lè tó ẹnì kan nínú ènìyàn 10.

Rudolf Berlin, dókítà ojú kan ní ìlú Stuttgart ní Jámánì, ni ó dá orúkọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1887, fún àwọn àgbàlagbà tí wọn kò lè kàwé mọ́ nítorí pé ohun kan ṣe ọpọlọ wọn. Ọdún 1896 ni dókítà Pringle Morgan, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Seaford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tí ń jẹ́ Percy. Orí ọmọ yìí pé, ó yára nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ọ̀rọ̀ kankan yàtọ̀ sí àwọn kéékèèké. Olùkọ́ rẹ̀ sọ pé bí ó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ni, Percy ni yóò gbọ́n jù lọ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí yóò mọ̀ pé òótọ́ ni olùkọ́ náà ń sọ.

Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ìró tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ni gbòǹgbò ìṣòro náà. Bí a bá sọ fún ọmọ ọlọ́dún méje pé kí ó pe “bàtà”, kí ó yọ ìró àkọ́kọ́ kúrò, kí ó sì sọ ohun tí ó ṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ ọmọ á sọ pé “àtà” ni. Ọmọ tí ó ní dyslexia gbọ́ “bàtà” dáadáa, ó mọ bàtà, ó lè lọ mú un wá láti inú yàrá, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Lẹ́tà sì rèé, àmì tí a fi ń dúró fún àwọn ìró wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ni. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìró náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní ohun tí yóò so lẹ́tà mọ́.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ojú ọmọ náà ń rí lẹ́tà ní òdìkejì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré ni ó máa ń ṣi b kọ sí d nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé, èyí nìkan kò sì tó láti sọ pé ọmọ ní dyslexia. Dígí aláwọ̀ àti ọ̀rá aláwọ̀ tí wọ́n máa ń tà fún òbí kí ọmọ máa fi bo ojú ìwé kò ní ẹ̀rí tí ó dúró. Kí a fi owó wọn ra ìwé tí ọmọ lè kà.

## Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń fìyà jẹ ọmọ náà ju Yorùbá lọ?

Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́tà 26, ṣùgbọ́n ìró tí àwọn lẹ́tà náà ń dúró fún tó nǹkan bí 44. Ẹ wo lẹ́tà mẹ́rin kan náà, ough, nínú though, through, cough àti enough: ìró mẹ́rin tí kò jọra ni. Yorùbá ní lẹ́tà 25, ó sì kù díẹ̀ kí ó jẹ́ pé lẹ́tà kan, ìró kan ni, níwọ̀n ìgbà tí a bá fi àmì sí i lórí àti lábẹ́.

Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àwọn tí ó ní dyslexia ní Ítálì, ní Faransé àti ní Bìrìtéènì. Àwọn ará Ítálì, tí èdè wọn ń kọ bí ó ṣe ń dún, ṣàṣìṣe kéré ju àwọn yòókù lọ nínú kíkà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ wọn, ibì kan náà ní apá òsì ni iṣẹ́ ti dínkù nínú gbogbo wọn. Ohun kan náà ni ó ń ṣe wọ́n. Èdè tí wọ́n ń kà ni ó bo ti ẹnì kan mọ́lẹ̀ tí ó sì tú ti ẹlòmíràn síta. Òbí Yorùbá ní láti fi èyí sọ́kàn. Ọmọ tí ó ń ka Yorùbá dé òpin, bí ó tilẹ̀ ń falẹ̀, tí ó sì ń kọsẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì láti ìlà kìn-ín-ní dé ìlà ìkẹyìn, kì í ṣe ọ̀lẹ tí kò fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ láìfi àmì sí máa ń gba àǹfààní yìí lọ́wọ́ ọmọ. Bí ìwé bá kọ “oko” sí ibi tí ó ti yẹ kí ó kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀, àbá ni òǹkàwé yóò máa dá. Ọmọ tí ìwé kíkà rọrùn fún lè dá àbá náà kí ó sì bá a. Ọmọ tí ó ní dyslexia kò ní okun tí yóò fi dá àbá, nítorí pé ó ti ná gbogbo rẹ̀ tán sórí lẹ́tà. Lójú tèmi, kò yẹ kí ìwé Yorùbá kankan tí a ṣe fún ọmọdé jáde láìní àmì.

Fún àwọn tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá tí ẹ ń sọ nílé ni ó fa ìṣòro náà. Gbígbọ́ èdè méjì kì í fa dyslexia, bí ẹ bá sì dẹ́kun Yorùbá, ìṣòro náà kò ní lọ. Ohun tí ọmọ náà yóò pàdánù ni èdè tí ó ń bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ.

## Kí ni wọ́n ń pè ní ọ̀nà multisensory?

Ó túmọ̀ sí pé nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń wò ó, etí rẹ̀ ń gbọ́ ìró rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń pè é, ọwọ́ rẹ̀ sì ń kọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé kí a lo ojú ní òní, kí a lo etí ní ọ̀la. Ìgbà kan náà ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lórí ìró kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ohun tuntun. Maria Montessori, tí ó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní Róòmù ní ọdún 1907, máa ń gé lẹ́tà láti ara pépà oníyanrìn tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi, kí àwọn ọmọ lè fi ìka tọ ojú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Grace Fernald ní kí ọmọ máa fi ìka tọ odidi ọ̀rọ̀ bí ó ti ń pè é. Ṣùgbọ́n àwọn tí orúkọ wọn mọ́ iṣẹ́ yìí lórí jù lọ ni Samuel Orton, dókítà ọpọlọ tí ó ń ṣe àyẹ̀wò àwọn ọmọ tí kò lè kàwé ní ìpínlẹ̀ Iowa ní àwọn ọdún 1920, àti Anna Gillingham, olùkọ́ tí ó bá a ṣiṣẹ́. Gillingham àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Bessie Stillman ni wọ́n to ẹ̀kọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé atọ́nà fún àwọn olùkọ́ ní àwọn ọdún 1930. Orton gbà pé apá méjèèjì ọpọlọ ni ó ń bá ara wọn jà nínú ọmọ náà. Àwọn onímọ̀ òde òní kò gba èyí mọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó ti inú iṣẹ́ wọn jáde ni ó dúró, ọ̀pọ̀ ètò ìkàwé tí wọ́n ń tà káàkiri lónìí sì ni ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

## Báwo ni ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ?

Ẹ jẹ́ kí á wo ọmọ tí b àti d ń dàrú mọ́ lójú. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kò ní fi méjèèjì kọ́ ọ ní ọjọ́ kan náà. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú b, á sì fi d sílẹ̀ títí b yóò fi jókòó.

Á gbé káàdì tí b wà lára rẹ̀ sókè, á pe ìró rẹ̀. Ọmọ náà á pè é tẹ̀ lé e. Olùkọ́ á ní kí ó tún un pè, kí ó sì fi ìka kan ètè rẹ̀: kí ni ètè ń ṣe? Wọ́n pàdé, wọ́n sì já sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọmọ á fi ìka méjì kọ b sínú àwo yanrìn. Ọwọ́ á fa igi láti òkè wá sílẹ̀, á tún gun igi náà padà dé àárín, á sì yí ikùn rẹ̀ sí apá ọ̀tún, ẹnu rẹ̀ á sì máa pe ìró náà bí ọwọ́ ti ń lọ. Bí ó bá kọ ọ́ láìpe ìró rẹ̀, olùkọ́ á ní kí ó tún un kọ, nítorí pé yanrìn nìkan kì í kọ́ ọmọ níwèé.

Nígbà tí ó bá kan d, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ikùn ni ọwọ́ á kọ́kọ́ yí, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá fẹ́ kọ a, kí ó tó gòkè lọ fa igi wálẹ̀. Ètè kò pàdé mọ́. Ṣóńṣó ahọ́n ni ó ń kan èrìgì lẹ́yìn eyín òkè. Lójú, b àti d jọra púpọ̀, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ àti lẹ́nu, wọn kò jọra rárá. Nígbà tí ojú ọmọ bá sì ń ṣiyè méjì, ọwọ́ àti ẹnu ni yóò fi mọ èwo ni èwo.

Lẹ́yìn náà ni a óò kan ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ ayò fún ìpele yìí, nítorí pé ó wà nílé, kò sì ní ohun tí yóò pín ọkàn ọmọ níyà bí àwọn nǹkan ìṣeré aláwọ̀ mèremère. Olùkọ́ á pe “bàtà”. Ọmọ á tún un pè, á sì máa ti ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan síwájú fún ìró kọ̀ọ̀kan: b, à, t, à. Mẹ́rin. Á pe “gbà”: mélòó ni? Méjì ni, nítorí pé gb ìró kan ṣoṣo ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà méjì ni ojú ń rí. Ìgbà tí ó bá ti fi ayò tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ni yóò tó kọ ọ́ sórí síléètì, tí yóò sì ka ohun tí ó kọ padà. Yorùbá ní ohùn pẹ̀lú, ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ wa sì ti ń fi kọ́ ohùn láti ọjọ́ pípẹ́, dò, re, mí, bá iṣẹ́ yìí mu gan-an. Kí ọmọ gbé ọwọ́ sókè fún ohùn òkè, kí ó tẹ́ ẹ ní àárín fún ohùn àárín, kí ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀, bí ó ti ń pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ ibi tí àmì wà kí bírò tó kan ìwé.

Ìparí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni kíka ìlà díẹ̀ nínú ìwé, ìlà tí kò ní lẹ́tà tí a kò tíì kọ́ ọmọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì sì ni àyẹ̀wò gbogbo káàdì àtẹ̀yìnwá. Kò sí ohun tí a fi sílẹ̀ fún àbá dídá, a kì í sì í lọ síwájú nígbà tí ọmọ bá ṣì ń kọsẹ̀.

## Kí ló fà á tí àtúnṣe àti àtúnsọ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

A bí ènìyàn pẹ̀lú ọpọlọ tí ó ti ṣe tán láti gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a bí pẹ̀lú ọpọlọ tí ó mọ lẹ́tà. Ọ̀nà láàárín ohun tí ojú rí àti ìró tí etí mọ̀, ẹ̀kọ́ ni ó máa ń là á. Ó dà bí ojú ọ̀nà oko. Ní ọ̀pọ̀ ọmọ, ìrìn díẹ̀ ti tó láti la ọ̀nà náà. Ní ti ọmọ tí ó ní dyslexia, igbó ibẹ̀ ki ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí a bá rìn ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, koríko á ti bò ó kí ọ̀sẹ̀ mìíràn tó pé, ṣùgbọ́n bí ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ bá jọ ń rìn ín lójoojúmọ́, yóò là. Ìdí nìyí tí ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ fi sàn ju wákàtí méjì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ.

## Ṣé ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ibí yìí ni ó yẹ kí òbí ti la ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé nǹkan méjì ni wọ́n so pọ̀ nínú ọ̀nà yìí, ẹ̀rí wọn kò sì dọ́gba.

Èkíní ni kíkọ́ ìró àti lẹ́tà lẹ́sẹẹsẹ, ní gbangba, láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le. Ẹ̀rí èyí lágbára. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí ìwé kíkà, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, rí i pé kíkọ́ ìró àti lẹ́tà ní ọ̀nà tí ó ní ètò ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ ju ọ̀nà tí kò ní ètò lọ.

Èkejì ni lílo ọwọ́, yanrìn àti àwọn nǹkan mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà gbà á gbọ́ gidigidi, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti yà á sọ́tọ̀ kí a sì wọn agbára tirẹ̀ nìkan. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwádìí tí ó wà lórí ọ̀nà Orton àti Gillingham jọ, wọ́n sì rí i pé àǹfààní díẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó láti sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé kì í ṣe èèṣì. Èyí kò sọ pé kí a da yanrìn nù. Lílo ọwọ́ àti ẹnu ń mú kí ọmọ fọkàn sí ìró kan fún ìgbà pípẹ́ láìsí pé ó sú u, ohun tí mo sì gbà pé ó dára nípa rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá mú yanrìn tí a sì fi ètò ìró sílẹ̀, ohun tí ó ń mú ọmọ kàwé gan-an ni a fi sílẹ̀ yẹn.

Kí a má sì ṣe da ọ̀nà yìí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń sọ pé ọmọ kan jẹ́ ọmọ ojú, òmíràn ọmọ etí, òmíràn ọmọ ọwọ́, pé kí a fi èyí tí ó bá ọmọ mu kọ́ ọ. Ìwádìí kò ti èyí lẹ́yìn. Kò sí ọmọ tí ó lè fi ọwọ́ nìkan mọ̀wé. Ìwé kíkà fẹ́ ojú àti ìró pa pọ̀ nínú gbogbo ènìyàn.

## Kí ni olùkọ́ àti òbí tí kò lówó lè ṣe?

Kí a kọ́kọ́ yẹ ojú àti etí ọmọ wò ní ilé ìwòsàn, kí ó má baà jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Lẹ́yìn èyí, yanrìn wà nílẹ̀, ọmọ ayò tàbí òkúta wẹ́wẹ́ wà, a sì lè gé káàdì láti ara páálí bisikíìtì. Ohun tí ó wọ́n ni àkókò àti sùúrù. Olùkọ́ tí ó ní ọmọ àádọ́ta nínú kíláàsì kò lè jókòó ti ọmọ kan fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ó lè kó ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ìṣòro wọn jọra jọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àwọn yòókù tó dé láàárọ̀. Kí ó má ṣe pe ọmọ náà dìde láti kàwé sókè níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti múra rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ìtàn, kí ó gbà kí ọmọ fi ẹnu dáhùn, nítorí pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó fẹ́ dán wò níbẹ̀. Nílé, kí òbí máa ka ìwé sí i létí, kí ọ̀rọ̀ àti òye rẹ̀ má baà rẹ̀yìn bí kíkà rẹ̀ ti ń falẹ̀.

Àwọn tí ọmọ wọn wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè béèrè fún olùkọ́ tí òfin ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní SENCO. Bí àyẹ̀wò bá fi ìdí àìní ọmọ múlẹ̀, wọ́n lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò ìdánwò kún un fún un. Ẹ má ṣe kọ̀ ọ́ nítorí ìtìjú.

Kí òbí tí wọ́n bá sì ní kí ó san owó fún ọ̀nà multisensory béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ olùkọ́ kí ó tó sanwó. Ìró wo ni ẹ óò fi bẹ̀rẹ̀, èwo ni ó sì tẹ̀ lé e? Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ti mọ ọ̀kan kí ẹ tó lọ sí òmíràn? Kí ni yóò máa kà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ń gbádùn yanrìn náà púpọ̀, kí ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ yìí á ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, á sì fi ìró tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti mọ̀ hàn án, èyí tí ó ṣì ń dàrú mọ́ ọn lójú, àti èyí tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.